Kíka Aṣọ Bí Ẹni Ń Kàwé: Àbẹ̀wò sí Ilé Iṣẹ́ Ọnà Níkẹ̀ẹ́ ní Lẹ́kí àti Ìtàn Àwọn Aláró

Ìfáárà

Ìbéèrè kan tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bi wá nínú kíláàsì ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. À ń kọ́ wọn ní oríṣìíríṣìí orísun tí òpìtàn ti lè rí ohun tí yóò kọ: ìwé àwọn ajíhìnrere, àkọsílẹ̀ ìjọba amúnisìn, ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí ó jáde ní ọdún 1921, oríkì, àti ìtàn àtẹnudẹ́nu láti ẹnu àwọn arọ́kin. Ọmọ náà gbọ́ wa títí, ó wá ní: "Ṣùgbọ́n sà, nínú gbogbo èyí tí ẹ kà sílẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bí a bá yọ Ẹfúnṣetán àti Tinúbú kúrò, ibo ni àwọn obìnrin yòókù kọ tiwọn sí?"

A kò tètè rí èsì fún un. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n irú èsì bẹ́ẹ̀ kò kúnjú òṣùwọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìgbà náà kò mọ̀wé bákan náà, síbẹ̀ ìtàn wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó ṣe, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan dábàá pé kí a kó àwọn ọmọ náà lọ wo àdìrẹ ní Ilé Iṣẹ́ Ọnà Níkẹ̀ẹ́ ní Lẹ́kí. A mú àbá náà lò nínú sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá. Olùkọ́ 2 àti akẹ́kọ̀ọ́ 19 ni a jẹ́.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àdìrẹ jẹ́ orísun ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìwé ti jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí yóò bi aṣọ, ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò rí. A óò fi hàn pẹ̀lú pé àwọn tí wọ́n mọ ìbéèrè náà kò pọ̀ mọ́.

Ojú ọ̀nà tí ó gbé wa débẹ̀

Kí a tó dé inú ilé náà, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀ tí ó dúró lé, nítorí orúkọ náà, Lẹ́kí, ti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ìlú tí ó ni orúkọ yìí gan-an wà ní etí òkun níhà ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, ní agbègbè Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí. Ibẹ̀ ni ìjọba fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1962, tí wọn kò jẹ́ kí ó jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n la títì tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1980 ni gbogbo ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun bẹ̀rẹ̀ sí í di Lẹ́kí lẹ́nu àwọn ará Èkó. Ìkátẹ́, Ìlàsàn, Àjáh àti Láńgbàsà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ìlú apẹja àti àgbẹ̀ ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó máa fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ọjà olówó iyebíye.

Ilẹ̀ yìí mọ bí a ti ń pa ìtàn rẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, níbi tí a fojú bù pé nǹkan bí ènìyàn 300,000 ń gbé. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ìlàsàn. Àwọn yòókù fọ́n ká. Ẹni tí ó bá ń gba títì náà kọjá lónìí yóò rí ilé alájà gíga àti ilé ìtajà, kò sì ní mọ̀ pé ìlú kan ti wà níbẹ̀ rí. A sọ èyí fún àwọn ọmọ náà nínú ọkọ̀, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní Maroko ni wọ́n bí bàbá òun sí. A kò ti mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ojú wa rí

Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye ni ó dá ilé náà sílẹ̀. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì-Ìjùmú, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí báyìí, láàrin àwọn ahunṣọ àti aláró. Òṣogbo ni ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó wà lára àwọn ọ̀ṣèré-ọnà tí wọ́n yọrí jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí Ulli Beier, Georgina Beier àti Susanne Wenger ti mú kí iṣẹ́ ọnà gbilẹ̀ ní ìlú náà ní àwọn ọdún 1960, ó sì fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Twins Seven-Seven, ní ilé olórogún. Ìwé kan tí Kim Marie Vaz kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní ọdún 1995 ṣàlàyé ohun tí ó fara dà níbẹ̀ àti bí ó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1983 ó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, aṣọ híhun àti iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ti Lẹ́kí dé lẹ́yìn náà, ní ọdún 2009.

Wọn kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wa. Ní àgbàlá ni a ti kọ́kọ́ pàdé àwọn ère tí wọ́n fi irin àlòkù àti àwókù nǹkan ṣe. Inú ilé náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kún fún iṣẹ́ ọnà débi pé kò sí ibi tí a lè gbé ojú sí tí àwòrán kò ní sí: àwòrán olómi ọ̀dà, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ère, aṣọ òkè, àdìrẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní Oníkàn, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, yóò rí i pé ìlànà ibi méjèèjì yàtọ̀. Ní Oníkàn, nǹkan díẹ̀ ni ó wà nínú gíláàsì, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀. Ní Lẹ́kí, ńṣe ni ó dà bí ẹni wọ inú ìyẹ̀wù àgbà obìnrin kan tí kò da nǹkan nù rí.

Wàhálà ni èyí kọ́kọ́ jẹ́ fún wa. Àwọn ọmọ náà ń ya fọ́tò ara wọn kiri. Ó ṣòro láti mú wọn dúró síwájú ohun kan ṣoṣo. Nígbà tí a dé apá ibi tí aṣọ wà ni a tó rí wọn mú.

Aṣọ funfun láti òkè òkun

Kí a tó lè ka àdìrẹ, a ní láti mọ ibi tí aṣọ tí wọ́n ya ọnà sí ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí gbé wa lọ sí ọdún 1851. Ní ọdún náà, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Hyde Park ní London láti fi iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọnà gbogbo ayé hàn. Ìpàtẹ yìí ni ó bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1852, tí a mọ̀ sí Victoria and Albert láti ọdún 1899 wá. Ète àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni pé kí àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ wọn máa wo nǹkan tí ó dára, kí wọ́n lè máa ṣe ọjà tí yóò dára lójú ẹni tí yóò rà á. Ní ìparí ọdún 1851 yẹn kan náà, ní oṣù Kejìlá, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde. Ẹ̀pẹ́ ni ó sá lọ, ní òdì-kejì ọ̀sà tí ó wà níhà àríwá ilẹ̀ Lẹ́kí. Ibẹ̀ ni ó ti bá Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì.

A kò sọ pé ìpàtẹ ni ó fa ogun. Ohun tí a ń sọ ni pé ọjà tí ìpàtẹ náà fi yangàn nílò ẹni tí yóò rà á, ogun náà sì wà lára ohun tí ó ṣí ilẹ̀kùn Èkó fún un. Aṣọ òwú funfun tí ẹ̀rọ hun ní Manchester bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀ yanturu, ó sì gba ọ̀nà omi àti ti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ti rélùwéè, dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn.

Àwọn kan máa ń fi èyí jiyàn pé àdìrẹ kì í ṣe tiwa. Àríyànjiyàn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí aṣọ òyìnbó tó dé ni àwọn obìnrin Yorùbá ti ń fi èlú rẹ kíjìpá tí wọ́n fi ọwọ́ hun nínú ilé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, àdìrẹ, sọ ohun tí wọ́n ń ṣe, pé wọ́n ń di aṣọ, wọ́n sì ń rẹ ẹ́. Ohun tí aṣọ tuntun náà mú wá ni ojú tí ó tẹ́jú. Kíjìpá nípọn, ojú rẹ̀ sì rí hágahàga, a kò lè ya ìlà tín-ínrín sí i. Nígbà tí aṣọ tí ó tẹ́jú bí ìwé dé ọwọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníko àti alábẹ́rẹ́. Aṣọ tí wọ́n gbé wá láti tà fún wọn ni wọ́n sọ di ohun tí àwọn náà ń tà: àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Senegal wá sí Abẹ́òkúta láti ra àdìrẹ.

Èlú, ẹ̀kọ àti ìyẹ́

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyí, ní ṣókí. Wọn a gún ewé èlú tútù nínú odó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a gbẹ. Wọn a gbé ìkòkò kan tí wọ́n lu ihò sí nídìí lé orí òmíràn, wọn a di eérú sínú ti òkè, wọn a bu omi sí i kí ó máa kán sílẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń kó èlú gbígbẹ sí, tí yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi kan. Ojú, imú àti ahọ́n ni aláró fi ń mọ̀ bí aró bá ti jinná. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ aṣọ kúrò nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé ni ó máa ń ní. Atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni tí ó ń wò ó. Wọn a tún un rì, wọn a tún un yọ, títí yóò fi dúdú bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ.

Ní ti ẹlẹ́kọ, láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí ojú kan aṣọ náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ìyẹ́ ya ọnà. Nígbà tí ó yá, àwọn ọkùnrin ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọnà sí ara páànù, tí wọ́n ń gbé lé aṣọ láti fi ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ páànù yá ju ti ìyẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ojú tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Ibi tí ó wù wá láti dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ṣe àṣìṣe tí àwa náà ì bá ṣe. Aṣọ kan wà tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Lára ọnà rẹ̀ ni òpó gbọ̀ngán Màpó, tí wọ́n tò pẹ̀lú ṣíbí. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngán Màpó. Òmíràn wà tí ó ní àwòrán Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary, tí ó jáde nítorí àjọ̀dún ọdún 25 tí ọba náà ti wà lórí oyè, ní ọdún 1935. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pè é. Kíá ni àwọn ọmọ náà kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọdún 1929 ni wọ́n ṣe aṣọ ti ìṣáájú, pé ọdún 1935 ni wọ́n ṣe èkejì.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òpó Màpó sọ fún wa kò ju pé a kò lè ya ọnà náà kí gbọ̀ngán tó wà. Aláró lè ya á ní ọdún 1930, ọmọ rẹ̀ lè ya á ní ọdún 1965, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì lè ya á lánàá. Ọnà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ wa ní tirẹ̀. Bí òpìtàn bá da méjèèjì pọ̀, àṣìṣe tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó rí Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún tó kọjá, tí ó ní ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́. Ó yẹ kí a fi irú ẹ̀kọ́ báyìí sínú ohun tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọjọ́ iwájú. Láti sáà 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ọdún 2018 ni wọ́n pàṣẹ pé kí a dá a padà, wọ́n sì tún kéde ìdápadà rẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọn ọmọ tí a kó lọ sí Lẹ́kí wà lára ìran tí kò kọ́ ọ ní kékeré. Ó ń hàn nínú ìbéèrè wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ohun mìíràn tí ọnà Ọlọ́ba sọ ni pé àwọn aláró ń fi etí sí ohun tí ó ń lọ láyé. Wọn kò dúró de akọ̀wé. Bí ìjọba bá kọ́ gbọ̀ngán, wọ́n yà á. Bí wọ́n bá ṣe àjọ̀dún fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di ọjà. Bóyá wọ́n fẹ́ràn ọba náà ni o, bóyá wọ́n kàn mọ̀ pé yóò tà ni o, aṣọ kò sọ ìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sí i lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn aláró sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀

Àwọn ìgbà kan wà tí ohùn àwọn obìnrin yìí wọ inú ìwé ìjọba. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930. Nígbà náà, sódà àti aró òyìnbó ti wọ iṣẹ́ náà. Sódà gba ipò omi eérú tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó kán. Aró òyìnbó sì mú iṣẹ́ yá. Owó ọjà wá ń já wálẹ̀ nítorí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé tí ó dẹnu kọlẹ̀, àwọn kan sì ń ráhùn pé àdìrẹ kò dára bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kọ̀. Wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní ọdún 1936. Àwọn obìnrin aláró jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ náà nípa iṣẹ́ wọn. Judith Byfield ni ó tú àwọn àkọsílẹ̀ yìí wò fínnífínní nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 2002 lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta.

A ti máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà nítorí owó orí ní ọdún 1947, èyí tí ó mú kí Aláké kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. A máa ń kọ́ ọ bí ẹni pé òjò kan ṣàdédé rọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 11 ṣáájú ìgbà náà ni àwọn obìnrin ìlú yẹn kan náà ti mọ bí a ti ń gba agbẹjọ́rò, bí a ti ń kọ ìwé ẹ̀hónú, àti bí a ti ń dúró níwájú àwọn aláṣẹ sọ tẹnu ẹni. Ìdí aró ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a sọ èyí fún wọn níwájú àwọn aṣọ náà, fọ́tò yíyà dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀.

Aṣọ tí a lè yí padà

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ilé Níkẹ̀ẹ́ wà ní Lẹ́kí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn dé sí títì yìí kan náà, lẹ́yìn Àjáh, nínú ọgbà Pan-Atlantic University ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Ọmọba Yẹmisí Shyllon, tí ó ti ń kó iṣẹ́ ọnà jọ láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó fi iṣẹ́ bíi 1,000 ta yunifásítì náà lọ́rẹ, orúkọ rẹ̀ ni ilé náà sì ń jẹ́. Iṣẹ́ Ben Enwonwu àti Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gidi ni: ohun tí ó bá wọlé kò sí fún títà, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé Níkẹ̀ẹ́ yàtọ̀ ní ti pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ ni a lè rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a rò pé àlébù ni èyí jẹ́ fún iṣẹ́ ìwádìí. A ti yí èrò wa padà sí apá kan. Aṣọ tí ó wà nínú gíláàsì, iwájú rẹ̀ nìkan ni a lè rí. Aṣọ tí ó wà fún títà, ẹni tí ó ń tà á yóò ní kí o gbé e, kí o fọwọ́ pa á, kí o yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ̀yìn aṣọ sì ni a ti ń mọ òótọ́. Aró gidi a máa wọ aṣọ já. Ojú kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn a máa dúdú ju iwájú lọ, ọnà a sì máa hàn bàìbàì. Àdìrẹ irọ́ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, tí ó kún ọjà wa títí dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn tirẹ̀ a máa ṣì, nítorí pé orí aṣọ ni àwọ̀ rẹ̀ dúró sí.

Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ náà ṣì wà. Aṣọ tí a tà ti lọ. Bí ẹni tí ó rà á kò bá mọ orúkọ ọnà rẹ̀, tí kò sì mọ ẹni tí ó yà á, ohun tí ó gbé lọ kò ju aṣọ búlúù lọ. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá lókè òkun pàápàá kò bọ́ nínú èyí: ìlú àti ọdún ni a sábà máa ń rí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àdìrẹ, a kì í sábà rí orúkọ obìnrin tí ó ṣe é. Ẹ fi wé ti oge. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ṣe àfihàn aṣọ Áfíríkà ní ọdún 2022, orúkọ Fọláṣadé Thomas-Fahm hàn gedegbe níbẹ̀, ẹni tí ó ṣí ilé ìtajà aṣọ ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, tí ó fi síìpù sí ìró kí obìnrin tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ kíákíá, tí ó sì ń fi aṣọ tí àwọn ahunṣọ àti aláró ilẹ̀ wa ṣe rán aṣọ ìgbàlódé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláró tí wọ́n ṣe irú aṣọ tí ó ń rán ńkọ́?

Ìpè kan sí Abẹ́òkúta

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó dúró pẹ́ jù nídìí aṣọ. Ó mú ọ̀kan dání, ó ní òun ti rí irú rẹ̀ nínú àpótí ìyá àgbà òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ orúkọ rẹ̀. A ní kí ó pè wọ́n. Ó pè wọ́n lójú wa, ó sì jẹ́ kí a máa gbọ́.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Mo wà ní Èkó, mo mú aṣọ kan dání tó jọ tiyín. Wọ́n pín in sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan mìíràn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Àgbà obìnrin náà kò tilẹ̀ béèrè ohun tí ó wà nínú igun kankan. Ó ní: "Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ṣé aró wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́, Mà."

"Ìlà rẹ̀ ńkọ́? Ṣé bákan náà ló rí níbi gbogbo?"

"Rárá o. Wọ́n jọra, àmọ́ wọn kò dọ́gba."

"Ìyẹ́ ni wọ́n fi yà á nìyẹn, kì í ṣe páànù. Olókun ni. Wò ó bóyá aṣọ méjì ni wọ́n rán pọ̀ láàrin."

Aṣọ méjì ni. Láti ibẹ̀ ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ojú igun náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí wá, láìrí i, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka oríkì. Ọmọ náà kò lè kọ ọ́ tán. Méjì nínú ohun tí ó kà kò sí lára aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀kan sì wà tí ó yàtọ̀. Màmá ní ó ní láti jẹ́ pé ẹni tí ó yà á kì í ṣe ará agboolé tàwọn, nítorí pé agboolé kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ obìnrin mẹ́ta tí wọ́n máa ń ya Olókun ní agboolé wọn nígbà tí òun wà ní ọmọdébìnrin tí ń bá wọn gbé omi. Ó sọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù, àti èyí tí ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

A kò kọ àwọn orúkọ náà síbí, nítorí pé a kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nínú ìwé ní ẹ̀ka wa, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbọ́ wọn àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi Àjíǹde, ọmọ náà lọ sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó sì mú orúkọ ọnà 9 padà wá, pẹ̀lú àlàyé lórí 6 nínú wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bóyá yóò lè yá ilé-ẹ̀kọ́ ní Olókun inú àpótí náà kí a fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Màmá ní a lè wá wò ó nínú ilé òun nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní jáde, nítorí òun ni wọn yóò fi sin òun.